Ariwo Tí Bàbá Afetíwò Kò Gbọ́

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Bàbá Afetíwò fi gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ọkọ̀ àlòkù. Bí ọkọ̀ bá ń kérora, bó ń wúkọ́, bó ń jà bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀, bàbá náà á mú irin gígùn kan, á fi orí kan rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, á fi orí kejì ti egungun ẹ̀yìn etí, á di ojú. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Kì í tú ẹ́ńjìnnì kó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Afetíwò, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá tó bí i sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti máa wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, ó fa ọgbà iṣẹ́ náà lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Kúkúrú ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ó ga débi pé ó ní láti tẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé. Kúkúrú ló wà nígbà tó wá kọ́ṣẹ́; nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, kò sẹ́ni tó ráyè pààrọ̀ orúkọ fún un. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ mẹ́rin, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ kì í jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kó jókòó.

Àmọ́ Bàbá fẹ̀yìn tì, kò fi ọgbà sílẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá, á jókòó sórí àga kan tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n gbé ti ògiri, á gbé irin rẹ̀ lé orúnkún. Ọkọ̀ tó bá ní ariwo lára, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e wá. Ohun tó bá sì ti sọ, abẹ gé e. Bí Ọ̀gá bá ti dárúkọ àìsàn, ẹnikẹ́ni kì í tún gbé ọkọ̀ náà yẹ̀ wò lójú rẹ̀. Wọn ò kọ òfin yìí sára ògiri. Wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúàbí, gbogbo wọn ló sì ń fi yangàn pé nínú ọgbà tiwọn, a kì í já àgbà nírọ́.

Ohun tí Bàbá mọ̀, tó sì rò pé òun nìkan ló mọ̀, ni pé etí òun ti ń kú.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Àwọn ìró tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ: bẹ́líìtì tó ń han, bíréèkì tó ń ké, ẹyẹ orí ògiri. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó nípọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó ń yọ́ jáde láìdágbére. Irin náà ṣì ń ràn án lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, nítorí bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun dáadáa, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì á máa wọ inú orí rẹ̀ lọ. Èyí tó kù, ọgbọ́n ló fi ń bò ó. Bí oníbàárà bá dé, á rẹ́rìn-ín, á ní kí ó sín ọkọ̀ rẹ̀ jẹ fún òun, báwo ló ṣe ń dún? Àwọn èèyàn sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sín ọkọ̀ jẹ. Tíṣà kan wà, ẹni ọ̀wọ̀ ni, tó dúró láàárín ọgbà tó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń ṣe gìrì-gìrì-gbà títí itọ́ fi ń ta sára táì rẹ̀. Bàbá á máa wo ètè, á máa wo ọwọ́, á wá dárúkọ nǹkan kan. Wọ́n á gbé ọkọ̀ náà lọ, wọn ò sì ní padà wá rojọ́. Ó gbà pé òun ṣì ń mọ̀ ọ́n. Ó gbà bẹ́ẹ̀ nítorí ó dùn-ún gbà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, agbẹ̀bí ni. Ilé ọmọ yìí ló ń gbé láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Yàrá ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí mẹ́ta ni agbẹ̀bí náà ń bójú tó, ọ̀kan nítòsí, méjì ní ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ló sún un dé ìdí ọkọ̀ àlòkù. Ọkọ̀ náà dára lójú. Oṣù kan kò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bó bá dúró, kò sí ariwo. Bó bá rọra ń lọ, kò sí. Bó bá ti ń sáré dáadáa ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, hùùù, hùùù, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó gbé e wá sí ọgbà ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí aboyún tó ń rọbí. Bí Kúkúrú ṣe nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́, Bàbá ti dìde. Ó ní ọkọ̀ ọmọ òun nìyẹn, òun lòun máa gbọ́ ọ. Kúkúrú fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Wọ́n jáde lọ sí ọ̀nà gbọọrọ kan tí kò ní kọ́lọkọ̀lọ. Ọmọ ló ń wakọ̀, bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin kò wúlò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kó máa fi irin kàn án. Nígbà tí eré náà dé ibi tí ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀.

“Òun nìyẹn, Bàbá.”

Bàbá mi orí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́ ju ìdákẹ́jẹ́ tó nípọn náà lọ, èyí tó ń bá a sùn tó sì ń bá a jí. Ètè ọmọ rẹ̀ ló fi mọ ohun tó sọ. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ariwo táyà tó jẹ láìdọ́gba àti ariwo bẹ́árìn, irin róbótó tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí, tó ti bàjẹ́ jọra wọn gan-an. Ohun téèyàn fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé, lórí eré, kó yí sítíárì díẹ̀ sí òsì, kó tún yí i díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ariwo náà bá wà bó ṣe wà, táyà ni, kò le. Bó bá lọ sókè nígbà tí ọkọ̀ yà sí apá kan, tó rọlẹ̀ nígbà tó yà sí apá kejì, bẹ́árìn ni, kí wọ́n má sì gbé ọkọ̀ náà rìn mọ́, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ lójú ọ̀nà. Bàbá ló fi èyí kọ́ Kúkúrú. Kúkúrú ló fi kọ́ àwọn tó kù.

“Yà á sí òsì díẹ̀,” ó ní. “Dá a padà. Ó yá, ọ̀tún.”

Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó ń retí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé ariwo yẹn yí padà? Etí ọmọ náà pé. Bí bàbá bá bi í, á dáhùn kó tó ṣẹ́jú. Ká ní oníbàárà ni, Bàbá ì bá ti bi í, ì bá fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bí nìyí, tó mọ ìgbà tó ń rín ẹ̀rín àtọkànwá àti ìgbà tó ń rín ẹ̀rín ẹ̀tàn. Bó bá fi lè bi í, ọmọ á mọ̀ pé bàbá òun kò gbọ́ran mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ọkọ̀ tí wọ́n jókòó sí lè pa ọmọ rẹ̀, òun gan-an ló mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ ìtìjú ti gba gbogbo àyè nínú rẹ̀, kò kù síbi tí ẹ̀rù máa dúró sí.

“Táyà ni,” ó ní. “Tiwájú ti jẹ láìdọ́gba. Kí wọ́n gbé tẹ̀yìn wá síwájú.”

Ọmọ náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá ti sọ ọ́ kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, pé táyà ni. Kúkúrú fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó tó yọ táyà, ó fi ọwọ́ kan yí i, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kejì lé sípíríìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó di táyà náà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Bàbá ń wò ó láti orí àga. Ó rí i tí Kúkúrú gbójú sókè wo agbẹ̀bí, tí agbẹ̀bí náà sì wo Kúkúrú, tí àwọn méjèèjì wá gbójú kúrò lára ara wọn wéré. Ó rò pé ọ̀wọ̀ òun ni wọ́n ń bù fún òun. Lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe.

Ó bi Kúkúrú bóyá ó ti parí. Kúkúrú ní ó ti parí, Ọ̀gá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n pe agbẹ̀bí láti ilé ìgbẹ̀bí tó jìnnà jù, pé obìnrin kan ti ń rọbí láti àná, ọmọ ò sì tíì wá. Ó wakọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú yọ lórí eré, ọkọ̀ takìtì wọ kòtò. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò kú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló rún. Dókítà tò ó, ó fi irin sí i, ó ní egungun á jinná. Ṣùgbọ́n ó ní ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò kò ní lè mọ nǹkan lára mọ́, bóyá gbígbóná, bóyá tútù, bóyá líle, bóyá rírọ̀. Ìka méjì yẹn ni agbẹ̀bí fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ti ṣí, bóyá orí ọmọ ló ń bọ̀ àbí ìdí. Òun náà kì í tú nǹkan kan kó tó mọ̀. Ọmọ Afetíwò ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ọgbà. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fi ìrora kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ ohun tó kù nínú bẹ́árìn náà jáde, ó gbé e sójú oòrùn. Ojú rẹ̀ ṣì dára. Irin náà ti jóná títí ó fi dúdú bí aró, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ ti jẹ, òmíràn ti là sí méjì. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fọwọ́ yí táyà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tó yọ, dandan ni kó mọ̀.

Inú bí i. Kí n má parọ́, bí inú ṣe ń bí i náà ni ara ń tù ú, nítorí ó ti rí ẹni tó máa di ẹrù náà lé lórí. Ó pe Kúkúrú. Àwọn mẹkáníìkì yòókù dúró pẹ̀lú súpánà lọ́wọ́ wọn.

“O fọwọ́ kan táyà yìí. Mo rí ọ. Ṣé o mọ̀ àbí o ò mọ̀?”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá.”

“O mọ̀, o sì jẹ́ kí ọmọ mi gbé e jáde.”

Kúkúrú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú òróró tó wà nílẹ̀, bó ṣe ga tó yẹn, kò gbójú sókè. Ó ní òun ti pinnu pé òun máa lọ bá ọkọ̀ náà ní ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí tó wà nítòsí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí agbẹ̀bí bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí òun pààrọ̀ bẹ́árìn náà níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kí Ọ̀gá má bàa mọ̀. Òun ò mọ̀ pé wọ́n máa pè é sí ọ̀nà jíjìn. Bàbá ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kó gbójú sókè kó tún un sọ. Kúkúrú gbójú sókè, ó tún un sọ.

“Kí Ọ̀gá má bàa mọ kí ni?”

Kúkúrú wo àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

“Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, Ọ̀gá,” ó ní. “Láti ọdún méjì.”

Lẹ́yìn náà ló wá tú àṣírí. Ọkọ̀ tíṣà tí Ọ̀gá ní páìpù èéfín rẹ̀ ló ń jà, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ló já. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá lọ jẹun. Ọkọ̀ télọ̀ ọkùnrin kan tí Ọ̀gá ní gíáà ni, kò sí ohun tó ṣe gíáà. Ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń sọ fún oníbàárà pé kó jẹ́ kí Ọ̀gá sọ tirẹ̀, kó dúpẹ́, kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ̀. Àwọn míì tiẹ̀ ní inú àwọn dùn sí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà.

Bàbá dúró. Tíṣà náà ló ń rò. Ó ń rí i bó ṣe wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàárín ọgbà, bó ṣe ń la ẹnu gbàràgàdà, tó ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. Tíṣà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń la ẹnu tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni Bàbá fi jókòó sórí àga yẹn bí ọba, gbogbo ọgbà sì ń ṣe eré fún un wò, òun nìkan ni kò mọ̀ pé eré ni. Kò bú wọn mọ́. Ó jù bẹ́árìn náà sílẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde, kò sì dá ẹnì kankan lóhùn lójú ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì lé àyà. Bàbá kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ Kúkúrú, pé ọ̀dàlẹ̀ ni, pé ó fọwọ́ kàn án, ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Ó ń fẹ́ kí ọmọ náà bínú sí Kúkúrú. Ó nílò rẹ̀ gidigidi.

“Mo mọ̀ pé ó mọ̀,” ọmọ náà ní. Ó kọjú sí i dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. “Mo rí ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ti tún un ṣe nígbà tó ń pààrọ̀ táyà, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó kù. Ariwo yẹn sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbé e jáde. Mi ò lè bi í lójú yín.”

“Ìwọ náà mọ̀?”

“Bàbá, inú ilé kan náà là ń gbé.”

Ó wá sọ fún un. Rédíò tó ń ké láti yàrá ẹ̀yìn tí ará ilé kejì fi ń wá bẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀kùn tí òun ń kàn tí òun ń kàn, kí òun tó máa gba ojú fèrèsé lọ fara hàn án. Ó ní òun lè gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, àmọ́ kí ni àwọn èèyàn máa sọ, pé ọmọ Afetíwò ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síta?

“Nígbà tí mo yà á sí òsì, ariwo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Mo wò yín. Mo ní ẹ máa bi mí. Bí ẹ bá bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún yín, kò sì sí ẹlòmíì tó máa mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò kàn sọ ọ́?”

“Ẹ ti ní táyà ni.”

Ọmọ náà ní òun bínú sí i, òun bínú sí Kúkúrú, àmọ́ ara òun lòun ń bínú sí jù, nítorí òun gbọ́ ikú pẹ̀lú etí òun méjèèjì, òun sì dúpẹ́. Ó wo àwọn ìka rẹ̀ tó yọ lẹ́nu báńdéèjì náà.

“Ẹ ò tíì béèrè obìnrin tó ń rọbí yẹn,” ó ní.

Ọjọ́ mẹ́rin, obìnrin náà kò wá sí Bàbá lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, báwo ni obìnrin náà? Ọmọ náà yíjú sí ògiri kó tó dáhùn. Bàbá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń mì, ó pẹ́ díẹ̀ tó fi ń mì, lẹ́yìn náà ó dúró.

“Mi ò gbọ́,” Bàbá ní. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá kankan láti ọdún mẹ́ta. “Jọ̀ọ́, tún un sọ. Mi ò gbọ́.”

Ọmọ náà kò yíjú padà. Bàbá di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń fa ẹsẹ̀, ó há ara rẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ètè rẹ̀. Ọmọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ tó kù, ó fi bo ẹnu kó má bàa rí i.